Akúṣẹ̀ẹ́ Olóhùn Iyọ̀

Bí Ìyá Ìbejì bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé láàárọ̀, kì í kọ́kọ́ wọlé. Á jókòó sórí àtẹ̀gùn ìta, á bọ́ bàtà nọ́ọ̀sì ẹsẹ̀ rẹ̀, á wá máa wo ẹsẹ̀ tó wú náà bí ẹni ń wo ẹrù tí wọ́n ní kó bá àwọn ṣọ́. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Ìbejì, mọ ìró bàtà yẹn lórí símẹ́ńtì. Bó bá ti gbọ́ ọ, á jáde, á gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, á ní, "Kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì wa." Ìyàwó á dáhùn láìgbójú sókè pé, "Ẹ kú ilé." Ó tán. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ àárọ̀ wọn ti gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ti òru mọ́jú lórí ìdúró, ọ̀rọ̀ ò jọ ọ́ lójú, oorun ló ń wá.

Oorun yìí gan-an ni kò rí.

Oníjìtá ni Bàbá Ìbejì, jìtá oníná, irú èyí tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ampilifáyà ló ń gbé ohùn rẹ̀ jáde. Ní òpin ọ̀sẹ̀, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa ṣeré ní òtẹ́ẹ̀lì kan, níbi tí àwọn oníbàárà ti ń jẹun, tí ẹnikẹ́ni kì í gbójú sókè wò wọ́n àfi bí orin bá dúró. Láàárín ọ̀sẹ̀, á máa dánra wò nílé láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, nítorí ọwọ́ tí kì í dánra wò kì í pẹ́ le. Àárọ̀ yẹn kan náà sì ni ìyàwó rẹ̀ ń sùn. Nígbà tí wọ́n gbé obìnrin náà sí iṣẹ́ alẹ́, tí àwọn ìbejì ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, kò sẹ́ni tó bẹ Bàbá Ìbejì níṣẹ́ tó fi ta ampilifáyà ńlá rẹ̀, èyí tó ní bọ́ọ̀bù gbígbóná bíi ti rédíò àtijọ́ nínú, tí àyà ẹni tó bá jókòó tì í máa ń gbọ̀n. Ó fi ra dìjítà, ampilifáyà kékeré tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń ṣe iṣẹ́ bọ́ọ̀bù nínú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ó ní ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí èèyàn bá ki okùn hẹ́dìfóònù bọ ihò náà, tó fi hẹ́dìfóònù bo etí, gbogbo orin á wọ etí ẹni tó ń ta á nìkan, ilé á sì pa rọ́rọ́.

Ohun tí Bàbá Ìbejì gbà gbọ́ nìyẹn. Ìyá ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ó gbàdúrà fún un. Àwọn ará ilé yìn ín. Ẹ jẹ́ ká má purọ́, òun náà yin ara rẹ̀ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n èkúté kan wà nínú ilé náà. Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, òun nìkan náà ló sì ń gbọ́ ọ. Bó bá ti dùbúlẹ̀, tí oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé e lọ, èkúté á bẹ̀rẹ̀: kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, á sinmi díẹ̀, á tún mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn, á dà bíi pé ó ń fi ìrù nalẹ̀, gbì, gbì, gbì. Obìnrin náà á dìde, á ró ìró mọ́ àyà, á jáde sí pálọ̀, á fọwọ́ kan ọkọ rẹ̀ léjìká. Bàbá Ìbejì á dá ọwọ́ dúró, á yọ hẹ́dìfóònù kúrò létí, àwọn méjèèjì á gbójú sókè wo àjà.

"Ẹ ò gbọ́ ọ?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ó ti mọ̀ pé mo dìde. Èkúté yìí gbọ́n ju gbogbo wa lọ."

Á padà sí yàrá. Àánú rẹ̀ á ṣe Bàbá Ìbejì, á dá hẹ́dìfóònù padà sétí, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ó ṣe gbogbo ohun tí ọkọ rere ń ṣe. Ó ra pàkúté. Ó ra gọ́ọ̀mù eku, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, sálúbàtà ara rẹ̀ ni gọ́ọ̀mù mú. Ó ra májèlé tí ẹni tó tà á fún un búra pé eku kì í jẹ ẹ́ kó tún rìn. Ó gun àkàbà wọ inú àjà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí gbogbo kọ̀rọ̀, bọ́ọ̀lù tí àwọn ìbejì ti sọ nù láti kékeré ló mú bọ̀. Àwọn ìbejì dàgbà, wọ́n lọ sí iléèwé gíga, èkúté ò kú.

Ọ̀rọ̀ náà ò ṣe é fi ṣẹ̀fẹ̀ mọ́ nígbà tí métíróònù bá Ìyá Ìbejì níbi tó ti ń sùn lóòró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn, pẹ̀lú ife oògùn lọ́wọ́. Aláìsàn náà lajú sílẹ̀ tó ń wò ó. Métíróònù ò pariwo. Ó kàn sọ fún un pé ìgbà ìkẹyìn tí òun yóò fojú fò ó nìyẹn, pé bó bá tún ṣẹlẹ̀, ilé ni kó kúkú lọ máa sùn. Iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fún èèyàn lábẹ́rẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ à ń tòògbé ṣe, Ìyá Ìbejì alára mọ̀ bẹ́ẹ̀. Orí àtẹ̀gùn ìta ló ti sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́. Kò sunkún. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé omi ti tán nínú kòrọ́bà. Èyí ló ba Bàbá Ìbejì lẹ́rù jù.

Kò pẹ́ sí i ni dìjítà kú. Ó tan iná pupa, ó tan iná aláwọ̀ ewé, ó pa gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò tú u, ó mi orí, ó tún un dì. Bàbá Ìbejì gbé jìtá kọ́ ògiri, kò tún fọwọ́ kàn án àfi bó bá ń lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, níbi tí wọ́n ti ní ampilifáyà tiwọn. Ó ń fi ìbínú gbálẹ̀, ó ń fi ìbínú fọ abọ́.

Àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, èkúté lọ. Ìyá Ìbejì sùn! Ó sùn débi pé ìlà ìrọ̀rí wà lójú rẹ̀ nígbà tó jí lọ́sàn-án. Ó jẹun, ó tún bu kún un, ó sì ráyè fi ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé orí rẹ̀ ti ń pá lẹ́yìn. Inú Bàbá Ìbejì dùn kọjá ààlà. Májèlé ló gbé gbogbo oríyìn fún, ó sì júwe rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró gbọ́. Ẹlòmíràn ì bá ti fura, ṣùgbọ́n etí tí ọkùnrin yìí fi ń yangàn láàárín àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni kò jẹ́ kó gbọ́ràn.

Ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ra okùn jìtá, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Alálàyé ló ni ín. Bí o bá bi í ní ohun tí aago wí, á kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe aago fún ọ. Ó gbé ampilifáyà méjì kalẹ̀ níwájú Bàbá Ìbejì, dìjítà ni méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n, eléyìí, Olówó ni mo sọ ọ́. Kò sí ohun tí kò ní. Ihò hẹ́dìfóònù nìyí. Èyí ń bá yín tún okùn jìtá tò. Èyí ń lu ìlù tẹ̀ lé yín. Ohùn tó bá wù kí ẹ ṣe sínú ẹ̀, kò ní gbàgbé, ẹsẹ̀ lẹ ó kàn fi tẹ bọ́tìnnì. Ìkejì yìí, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Akúṣẹ̀ẹ́ ni. Kò ní ihò, kò ní ìlù, kò lè rántí ohun tí ẹ bá a ṣe lánàá. Àfi bíi pé orí ohùn ni agbára àwọn tó ṣe é tán sí."

"Jẹ́ n gbọ́ ọ."

Bàbá Ìbejì ta okùn kan ṣoṣo sí Akúṣẹ̀ẹ́. Ó dá ọwọ́ dúró. Ó tún ta á.

Ohùn iyọ̀ ni. Bó bá rọra fọwọ́ kan okùn, ohùn náà á rọra dáhùn. Bó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á ké, kò sì ní ya. Bó bá mú ọwọ́ kúrò, á ṣì dúró díẹ̀ nínú yàrá kó tó lọ, bí àlejò tó mọ bí wọ́n ṣe ń dágbére. Ó ti pẹ́ gan-an tí ọwọ́ Bàbá Ìbejì ti sọ̀rọ̀ tí ẹnì kan dá a lóhùn. Omi dé sójú rẹ̀, ló bá díbọ́n pé òun ń wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Nígbà tó bọ́ sórí Olówó, bákan náà ni gbogbo ohùn ń jáde, ì báà fọwọ́ bà á, ì báà gbá a, gbogbo wọn ga dọ́gba bí ọmọ iléèwé tó ń kí olùkọ́.

"Ihò kékeré lásán," ó ní. "Kí ló dé tí wọn ò lè lu ihò kan ṣoṣo sí i?"

Alálàyé ṣàlàyé. Ó ṣàlàyé débi pé Bàbá Ìbejì gbàgbé ohun tó bi í.

Ó jókòó síbẹ̀, ó ń gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ìlù, kò nílò rẹ̀, onílù tó wà nínú ẹgbẹ́ wọn ti tó wàhálà. Okùn jìtá, etí rẹ̀ ló fi ń tò ó. Ọ̀rọ̀ ìrántí, òun náà lè máa bá Akúṣẹ̀ẹ́ rántí. Gbogbo ohun tí Akúṣẹ̀ẹ́ ò ní ló lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, àfi ihò yẹn. Ihò yẹn ni oorun ìyàwó rẹ̀. Ihò yẹn ni métíróònù ò fi ní lé e. Kí ni wọ́n ń pè ní ohùn dídùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn? Ó ti sú ọkùnrin náà láti máa jẹ́ ẹni tó ń yọ̀ǹda nǹkan, ṣùgbọ́n ojú pípọ́n obìnrin yẹn lórí àtẹ̀gùn lárààárọ̀ sú u ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé Olówó lọ sílé. Alálàyé ní kó lọ fi dánra wò títí di Sátidé, bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó dá a padà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Ìbejì ki hẹ́dìfóònù bọ Olówó, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò pẹ́ tó fi mọ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ léjìká.

"Ó ti padà dé," obìnrin náà wí. "Ó sì dà bíi pé ó fẹ́yàwó bọ̀."

Bó ṣe di pé gbogbo rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá Ìbejì padà lọ bá ẹni tó ta májèlé fún un, ó bú u. Ó tẹ́ gọ́ọ̀mù tuntun. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Ìyá Ìbejì jókòó sétí ibùsùn, ó fi ìrọ̀rí bojú, ó sì sunkún sínú rẹ̀ láìpariwo. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú hẹ́dìfóònù lọ́rùn, kò mọ ibi tó máa ki ọwọ́ sí. Ohun tó wí fún ara rẹ̀ ni pé bó ti wù kó rí, òun kọ́ ló ń dà á láàmú. Ó fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn.

Nígbà tí Sátidé dé, ó ń múra láti lọ parí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú Alálàyé. Ìyá Ìbejì dé láti ibi iṣẹ́, ó sì ní òun ń bá a lọ.

"Lọ sùn, jàre. Ó ti rẹ̀ ọ́."

"Èwo ni kí n lọ sùn? Níbi tí èkúté ti ń ṣọdún? Mo rí ojú yín lọ́jọ́ tí ẹ ń ròyìn Akúṣẹ̀ẹ́ yẹn. Irú ojú tí ẹ fi ń wò mí tẹ́lẹ̀ ni. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn òrogún mi."

"Kò ní ihò."

"Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Wọ́n lọ bẹ́ẹ̀, òun pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, Bàbá Ìbejì pẹ̀lú jìtá léjìká àti Olówó lọ́wọ́. Inú Alálàyé dùn pé ẹni tuntun dé tí òun lè ṣàlàyé fún. Ó júwe bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan fún Ìyá Ìbejì, obìnrin náà ń mi orí, ó ń fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ mọ́ ògiri kó má bàa ṣubú. Níkẹyìn, Alálàyé fi hẹ́dìfóònù bò ó létí.

"Màmá, ohun tí ẹ̀gbọ́n ń gbọ́ lẹ ó gbọ́ báyìí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ta á."

Bàbá Ìbejì jókòó sórí àpótí, ó mú orin tó ti fi dánra wò jù nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ojú Ìyá Ìbejì là. Ó ń pariwo bí ẹni tí a bò létí, ó ní, "Háà! Ṣé bó ṣe ń rí fún yín nìyí látọjọ́ yìí?"

Ọkọ rẹ̀ ń ta á lọ. Láti ọjọ́ tó ti bọ́ sọ́wọ́ dìjítà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí okùn tí etí rẹ̀ sì wà lófìfo. Kò sí orin kankan nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Etí ìyàwó rẹ̀ ni orin wà. Ohun tó wà níta ni kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ìka rẹ̀ lórí okùn gbígbẹ tí ampilifáyà ò gbé ohùn rẹ̀, á sinmi díẹ̀, á tún mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀ tó ń ka orin mọ́ ilẹ̀, gbì, gbì, gbì.

Ó dá ọwọ́ dúró. Èkúté dákẹ́. Ó tún ta á díẹ̀. Èkúté bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Ìbejì rántí gbogbo àárọ̀ tí obìnrin yìí ti wá fọwọ́ kàn án léjìká, tí òun á dá ọwọ́ dúró, tí àwọn méjèèjì á gbójú sókè wo àjà, tí òun á sì là á mọ́lẹ̀ pé òun ò gbọ́ nǹkan kan. Òun tó máa ń yangàn pé òun mọ okùn kan tó bá jó rẹ̀yìn láti òpin gbọ̀ngán! Ojú tì í débi pé kò mọ ìgbà tó fọwọ́ bojú. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò jáde.

"Ẹ ti dúró?" Ìyá Ìbejì bèèrè.

Ọkọ rẹ̀ dìde, ó rọra yọ hẹ́dìfóònù kúrò létí rẹ̀. "Jókòó," ó wí. Alálàyé fa àga wá. Bàbá Ìbejì tú wáyà jìtá kúrò lára Olówó, ó kì í bọ Akúṣẹ̀ẹ́, ó yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ títí tí kò fi ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá kejì lọ, ó sì tún orin kan náà mú. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀.

Kò pẹ́ tó fi mọ̀ ọ́n. Orí Ìyá Ìbejì kọ́kọ́ tẹ̀ síwájú, ó wá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sùn lọ fọnfọn lórí àga, báàgì lórí itan, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Alálàyé la ẹnu láti ṣàlàyé nǹkan, Bàbá Ìbejì sì mi orí sí i. Oníbàárà kan wọlé, ó rí wọn, ó fi ọwọ́ tọ́ka sí okùn tó fẹ́ rà, ó san owó, ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn jáde. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ro Bàbá Ìbejì. Èjìká ń dùn ún, orin tó mọ̀ ń tán lọ. Kò jẹ́ dúró. Bó bá parí ọ̀kan, á so òmíràn mọ́ ọn nídìí kó tó tutù.

Oòrùn ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó ti dé ẹsẹ̀ Ìyá Ìbejì, nígbà tó jí fúnra rẹ̀. Kò kọ́kọ́ mọ ibi tó wà.

"Èkúté yẹn ò dún lónìí," ó wí.

"Mo ti rí i mú."

"Irọ́ ni. Níbo ló wà?"

Bàbá Ìbejì pa iná Akúṣẹ̀ẹ́. Ó fi ọwọ́ lásán ta okùn gbígbẹ, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ó sì fi ẹsẹ̀ kà á mọ́lẹ̀.

Ìyá Ìbejì gbé orí sókè kíá, ó wo àjà ṣọ́ọ̀bù. "Yéè! Ó tẹ̀ lé wa wá!"

Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó kúrò ní àjà, ó bọ́ sí èjìká ọkọ rẹ̀, ó bọ́ sí ìgúnpá, ó dé ìka ọwọ́, ó sì dúró síbẹ̀.

"Ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni."

"Látọjọ́ yìí?"

"Látọjọ́ yìí. Mo rò pé mò ń ṣe ọ́ lóore."

Ó ti múra sílẹ̀ fún èébú, ó sì mọ̀ pé ó tọ́ sí òun. Ìyá Ìbejì wò ó títí. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹ̀rín ni, kò dún, ó kàn ń mì ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà di ẹkún, ó ń fi apá aṣọ nọ́ọ̀sì nu ojú, àárẹ̀ gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ló ń jáde lójú rẹ̀.

"Ẹ sì gun àkàbà lọ wá ara yín nínú àjà," ó wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀.

"Mo tún tẹ́ gọ́ọ̀mù."

"Gọ́ọ̀mù yẹn kúkú mú yín. Ṣebí sálúbàtà yín ló mú? Àwa la ò gbà á gbọ́."

Alálàyé, tí kò lóye ohunkóhun nínú ọ̀rọ̀ èkúté yìí, bi wọ́n pé èwo ni kí òun dì fún wọn. Ìyá Ìbejì ti fa báàgì sí àyà, ó ti fi orí ti ògiri lẹ́yìn àga.

"Ẹ tan Akúṣẹ̀ẹ́ yẹn padà," ó sọ fún ọkọ rẹ̀, "kí ẹ máa ta á lọ. Ó ṣì rẹ̀ mí."

Bàbá Ìbejì gbọn ọwọ́ tó ń ro ó, ó tan iná rẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.